Ọgbẹ́ Kan Náà Lójúgun Òsì

Ohun tí Sájẹ́ńtì Vaosa fẹ́ràn lára òkú ni pé òkú kì í purọ́. Alààyè á rẹ́rìn-ín sí ọ, á fi àga fún ọ, á pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí, irọ́ náà ni yóò sì máa pa. Peleti tí wọ́n tẹ́ gbalaja sórí tábìlì ní ilé ìwòsàn Apia, olú ìlú Samoa, kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́rìí. Funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ pupa ẹyin adìẹ, ètè rẹ̀ ti bó. Géńdé tó ń ru àpò símẹ́ńtì ní èbúté láìmí gúlegúle ti di ẹrù tí èèyàn méjì ń gbé.

"Ojú pípọ́n yẹn, mo ti rí i," Vaosa sọ. Ó na ìka sí ojúgun òsì òkú náà. "Èyí ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì Tepora bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọgbẹ́ kékeré ni, ó dábùú díẹ̀, bí ìgbà tí irin bá họ èèyàn, etí rẹ̀ sì ti wú.

"Ìyẹn ò tó nǹkan. Ìyá ẹ̀ ní ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ti ṣèṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi àwọn ará ìlú ẹ̀, Matavasa, wọ́n á ní ẹ̀mí àìrí ló fi èékánná sàmì sí i. Àwọn tó kù ní májèlé ni, pé Etevise tó ń ta kòkó ní ìdí ọkọ̀ ló bù ú sínú ife ẹ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Èmi ní ibà ni. Ibà wo? Mi ò tíì mọ̀. A ti fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí Niu Silandi. Ìgbà tó bá wu èsì ló máa dé."

"Àárọ̀ ọ̀la ni ìgbìmọ̀ olóyè máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Etevise. Tí wọ́n bá lé e kúrò nílùú, tòun ti ọmọ-ọmọ ẹ̀, kí lèsì yín fẹ́ ṣe fún un?"

Tepora fa aṣọ bo òkú náà. Wọ́n jọ mọ ohun tí lílé kúrò nílùú jẹ́. Ilé lọ, ilẹ̀ lọ, ibi tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ sí náà lọ. Kò sì sí ìlú mìíràn ní gbogbo erékùṣù Upolu tí yóò na ọwọ́ sí obìnrin tí wọ́n lé nítorí májèlé.

Láti ẹnu ọ̀nà ni Kọ́púrà Sapati ti wúkọ́. Ọkùnrin títóbi ni, òun ló ń wa ọkọ̀ Vaosa, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé bí òkú.

"Sájẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkùnrin yìí ń wò mí."

"Òkú ni, Sapati."

"Òun gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

* * *

Àwọn méjì mìíràn láti Matavasa wà lórí ibùsùn lókè. Ibà kan náà, ojú pípọ́n kan náà. Tuloto, olùkọ́ ilé ìwé tó tún jẹ́ díákónì, ló kọ́kọ́ lajú.

"Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́," Vaosa kí i. "Ṣé kòkó Etevise lẹ mu kí àìsàn yìí tó gbé yín ṣánlẹ̀?"

"Èmi? Kòkó kì í bá mi lára mu, láti kékeré ni. Omi àgbọn ni mo máa ń mu ní ìdí ọkọ̀."

Sapati tẹ ẹnu sí etí Vaosa. "Bóyá inú àgbọn ló bù ú sí."

"Inú àgbọn tí wọ́n là lójú ẹ̀? Dákẹ́ jàre." Vaosa rọra ká aṣọ ìbora sókè. Lójúgun òsì olùkọ́ ni ọgbẹ́ kékeré náà wà, ó dábùú díẹ̀. "Kí ló họ yín níbí, Tísà?"

"Kẹ̀kẹ́ ni. Irin kẹ̀kẹ́."

"Ọ̀nà wo lẹ ń gbà lọ sílé tẹ́ ẹ bá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì?"

"Ojú títì." Olùkọ́ gbé ojú sókè àjà. "Ojú títì náà ni. Kí tún ni?"

Sose aránṣọ wà ní ibùsùn kejì. Òun náà ní ọgbẹ́, ojúgun òsì ni. Ológbò ló ya òun, ó ní ológbò ilé àwọn burú. Ojú títì lòun náà ń gbà. Ó sọ ọ́ kí Vaosa tó bi í.

Ní gbàgede, Vaosa dúró, ó ń jẹ etí èékánná rẹ̀. Ìwà burúkú tí ìyá rẹ̀ kò rí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Bọ́ọ̀lù, kẹ̀kẹ́, ológbò," ó sọ. "Ọgbẹ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, irọ́ mẹ́ta. Sapati, ológbò tó mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, ṣó o ti rí i rí?"

"Ẹ̀mí àìrí mọ̀ ọ́n, Sájẹ́ńtì."

"Ẹ̀mí àìrí kì í mú díákónì purọ́. Tepora, kí lo bi wọ́n nígbà tí wọ́n dé?"

"Gbogbo ohun tó yẹ," nọ́ọ̀sì náà dáhùn, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀. "Mo bi wọ́n bóyá wọ́n wọnú omi ìdọ̀tí, bóyá wọ́n fi ọwọ́ kan ẹran tó kú. Rárá ni gbogbo wọn wí. Wọ́n ní ojú títì làwọn ń gbà."

"Gbogbo wọn ló sọ ojú títì?"

"Gbogbo wọn."

Vaosa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Nígbà tí Tepora ń bi wọ́n nípa omi ìdọ̀tí, ta ló bi wọ́n léèrè títì?

* * *

Ọjọ́ tí òkun kún tó gba etíkun ni wọ́n kó Matavasa lọ sórí òkè. Ìlú tuntun náà tò lọ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ títì kan ṣoṣo, ilé tẹ̀lé ilé, òpó àti òrùlé láìsí ògiri, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tó ń jáde bó ṣe wù ú. Ilé kan ló yàtọ̀. Ti olóyè àgbà Taimalelei ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi owó Niu Silandi kọ́ fún un: búlọ́ọ̀kù, fèrèsé oníjíǹgí, àti ògiri gíga yí i ká tó gùn lọ dé ẹ̀yìn, títí kan ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ àwọn aládùúgbò.

"Ọmọ mi, jókòó," olóyè kí Vaosa. Arúgbó náà jọjú, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ kì í yára. "Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Peleti fún ọmọ Etevise lóyún, ó sì kọ̀ ọ́. Ní ìdí ọkọ̀, lójú gbogbo ayé, obìnrin yìí wí fún un pé ojú ẹ̀ á rí màbo. Ó rí i. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Bàbá, tísà tó wà lórí ibùsùn kì í mu kòkó."

"Tísà ò ní jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ń mu." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Lagi! Bu omi fún àwọn àlejò."

Ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn jáde wá. Apia ló ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Súwẹ́tà ló wọ̀ nínú oòrùn tó ń mú Sapati làágùn bí ẹṣin, ìró rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Ó gbé omi kalẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó ti ń padà wọlé ni ojú Vaosa tẹ̀lé e dé igun ìloro, ibẹ̀ ló sì ti rí àwọn agolo tí wọ́n tò léra. Oògùn eku ni gbogbo wọn.

"Ẹ ra oògùn eku púpọ̀, bàbá."

"Eku ló pọ̀," olóyè dáhùn.

"Lẹ́yìn ògiri," Lagi fi kún un láti inú ilé. "Gbogbo òru la máa ń gbọ́ wọn."

"Ta ló bi ẹ́?" bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

Vaosa mu omi rẹ̀ tán, ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì ni Sapati fa ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ rí i? Ẹ rí agolo wọ̀nyẹn? Òun ni!"

"Kí ló fẹ́ torí ẹ̀ pa wọ́n?"

"Ẹ lọ bi Etevise. Àwọn obìnrin ní ìdí kànga ní òun àti olóyè yìí kì í rí ara wọn sójú."

* * *

Etevise kò sunkún. Ó ń fọ ìkòkò kòkó rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀la yóò tún wà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

"Mo ṣépè fún un," ó sọ. "Mi ò ní purọ́ fún ọlọ́pàá. Ọmọ ẹ̀ rè é lẹ́yìn mi, kò fi ojú kàn án rí. Mo fẹ́ kójú tì í. Mi ò fẹ́ kó kú."

"Olóyè ńkọ́? Ìjà wo lẹ jọ ní?"

Obìnrin náà ju kàn-ìn-kàn-ìn sínú omi ìdọ̀tí. "Ògiri ẹ̀. Ìgbà tó ń kọ́ ọ, ó gba orí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá, ọ̀nà abẹ́ igi gbẹrẹfútù tí gbogbo wa ń gbà. Mo dìde nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Mo ní kí wọ́n ní kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Mo ní bá a bá tò bí ìlà kan, tá a tún dí ẹ̀yìn wa, ohun burúkú ló máa gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ta ni mí. Aláròká oníkòkó."

"Ta ló ń gba ọ̀nà yẹn?"

Etevise bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti mọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Vaosa sọ fún ara rẹ̀. Olóyè tí obìnrin kan tako ògiri rẹ̀, agolo oògùn eku nínú ìloro, ìdájọ́ tí wọ́n ń yára sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí Sapati yí ọkọ̀ padà kí àwọn lọ mú arúgbó náà. Ó sì wù ú láti mú un, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ bí i nínú. Ṣùgbọ́n oògùn eku kì í họ ẹsẹ̀, ọgbẹ́ yẹn kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀.

"Gbé mi lọ sí Apia," ó sọ fún Sapati. "Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wọ̀ padà."

* * *

Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ náà kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀ bí ìṣe wọn, orin ń dún. Àfi bí ó ti dé orí ìlú tí ó dúró gbọnyìn. Wọ́n ti fọn ìkarahun òkun. Sa ti bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ilé kọ̀ọ̀kan ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì. Àwọn géńdé ìlú ti tò sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tí wọ́n bá mú, ẹbí rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò bá wí, ojú á sì ti bàbá rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsinmi.

Àwọn èrò sọ̀, obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ àti bàbá onífìlà kan wà lára wọn, wọ́n jókòó sórí koríko nídìí ìkòkò Etevise. Ó ń ta kòkó rẹ̀ tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí yóò tà kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rà á. Sapati ti wa ọkọ̀ wá pàdé wọn.

"Bu ife kan fún mi," Vaosa wí.

"Sájẹ́ńtì!" Sapati di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ní ọmọ nílé o!"

Vaosa mu ún. Ó gbóná, ó nípọn, ó dára púpọ̀. Etevise fi ọwọ́ méjèèjì gba ife padà.

Nígbà tí Vaosa gbójú sókè, koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá onífìlà ti pòórá. Ẹnikẹ́ni kò sì wà lójú títì, àfi àwọn géńdé pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

"Ibo ni wọ́n gbà?" ó bi Sapati kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Sapati, ọmọ Samoa tí wọ́n bí tí wọ́n tọ́ ní irú ìlú báyìí, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

"Sapati. Nígbà tó o wà lọ́mọdé, tí Sa bá ká ẹ mọ́ ìta?"

"Ẹ̀yìnkùlé," ó jẹ́wọ́. "Gbogbo èèyàn ló ń gbà á. Téèyàn ò bá dé ilé kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ìyà ni. Àwọn àgbà mọ̀. Wọ́n kàn máa ń ṣe bí ẹni tí ò rí wa ni. A kì í sọ ọ́ síta."

"A kì í sọ ọ́ síta," Vaosa tún un wí. "Kódà fún nọ́ọ̀sì."

* * *

Ẹ̀yìn ìsọ̀ Etevise ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Igi gbẹrẹfútù méjì kan, ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà ògiri olóyè dúró níwájú wọn gbàgbà. Ọ̀nà tó yẹ kó lọ tààrà ti wà nínú ọgbà Taimalelei. Àyè tó kù kò ju kí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ. Ògiri lápá òsì, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lápá ọ̀tún, gọ́tà láàárín. Gbogbo omi tó ń ṣàn láti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ó ń tú ká sínú oko, ògiri ti dá a dúró síbẹ̀. Ó dúdú, ó ń rùn, eku sì ń sáré létí rẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ipasẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ náà lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn ti bọ́ bàtà kí ó má bàa dọ̀tí, kí ó má bàa fọhùn nínú Sa.

Vaosa wọnú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọlọ́pàá rẹ̀. Kò tíì lọ jìnnà tí nǹkan fi fa ìró aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ya. Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn irin rọ́ọ̀dù yọ orí jáde lára ògiri, èyí tí bíríkìlà fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí olóyè yóò fa ògiri náà gùn. Ìpẹtà ti mú wọn. Ojúgun ni wọ́n bá dọ́gba.

"Sapati, yí padà. Máa bọ̀ láti ìlú, bí ẹni tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀."

"Nínú ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ yìí?"

"Ṣé kí n lọ gbé òkú Peleti wá kó sìn ẹ́?"

Ó rìn ín, ó ń kùn. "Ọ̀tún!" ló kígbe lójijì. "Ọ̀tún ló fẹ́ họ mí!"

"Tó o bá ń lọ, ọ̀tún. Tó o bá ń bọ̀, òsì. Láàárọ̀ kò sí Sa, ojú títì ni wọ́n ń gbà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń wá síbí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀tún kankan." Inú Vaosa dùn fún ìgbà díẹ̀, ìdùnnú ẹni tó rí kókó ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo omi dúdú náà, ìdùnnú náà sì kúrò. Wọ́n họ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ti ọgbẹ́ náà bọ inú rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè bá bàbá wọn gbàdúrà.

Ó pe Tepora lórí fóònù. "Ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti eku nínú omi, kí èèyàn fi ojú ọgbẹ́ wọ̀ ọ́. Kí ló ń fà?"

"Ibà tó ń pọ́n ojú, tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Vaosa, mo bi wọ́n! Mo fẹnu ara mi bi wọ́n!"

"Irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ. Ojú ló ń tì wọ́n."

"Oògùn ẹ̀ wà níbí. Oògùn lásán ni, kò wọ́n. Ká ní Peleti ti sọ ọ́..."

* * *

Láàárọ̀, àwọn olóyè jókòó sí ìdí òpó wọn nínú ilé ìpàdé, olúkúlùkù ní ipò rẹ̀. Etevise wà níta lórí koríko, òun, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ẹrù wọn. Ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ ti dé. Lagi ló ń gbé kava, ohun mímu ìpàdé tí wọ́n fi gbòǹgbò igi ṣe, kiri fún àwọn àgbà nínú ife èèpo àgbọn, pẹ̀lú ìró gígùn rẹ̀.

Vaosa sọ gbogbo rẹ̀ láti etí ẹní, ní ìjókòó, bó ti yẹ. Ó sọ ti ògiri, ti gọ́tà, ti irin. Taimalelei gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ìtàn dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé àwọn ọmọ ìlú yìí ń rìn nínú Sa. Pé díákónì ń rìn nínú Sa. Ta ló rí wọn?"

"Bàbá, ẹ ní kí àwọn tó ń bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ bọ̀ fi ojúgun òsì wọn hàn."

Olóyè yíjú sí àwọn èèyàn tó pé jọ síta. "Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ti rìn nínú Sa, kó dìde."

Ta ló fẹ́ dìde? Bàbá onífìlà tẹ orí mọ́lẹ̀. Obìnrin alápẹ̀rẹ̀ fa ìró rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Inú bí Vaosa débi pé omi yọ sí i lójú. Wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa wo obìnrin yìí bó ṣe ń gun ọkọ̀ lọ, nítorí ìtìjú.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ó sọ. "Àdúrà wo lẹ fẹ́ gbà lálẹ́ òní?"

Ife àgbọn bọ́ lulẹ̀. Lagi ló dúró láàárín ilé ìpàdé, kava ń ṣàn lórí ẹní níwájú bàbá rẹ̀. Ó gbé ìró rẹ̀ sókè dé ìsàlẹ̀ orúnkún.

Ọgbẹ́ náà ṣì tutù. Òsì ni.

"Lagi." Olóyè ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ojú títì lò ń gbà. O sọ fún mi."

"Ẹ ò fẹ́ kí n pẹ́ dé ibi àdúrà, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ olóyè kì í pẹ́." Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Ọjọ́ kẹta rè é tí ara mi ti ń gbóná. Ẹ̀rù bà mí láti sọ. Etevise ò fún mi ní nǹkan kan."

Arúgbó náà dìde kúrò ní ìdí òpó rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó mú un kúrò bí ẹni tí iná jó, ó tún gbé e padà. Ó wo inú ojú rẹ̀, ó sì rí àwọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Ọkọ̀!" ó kígbe. "Ẹ gbé ọkọ̀ wá!"

Ọkọ̀ tó wá kó Etevise ló gbé Lagi lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, láti orí koríko, bàbá onífìlà dìde, ó ká sòkòtò rẹ̀ sókè. Obìnrin alápẹ̀rẹ̀ dìde. Òmíràn tún dìde.

Olóyè mìíràn jáde lọ bá Etevise, ó fẹ́ tẹ orí ba fún un.

"Ẹ má bẹ̀ mí," Etevise wí. "Ìyá Peleti ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀.

* * *

Vaosa padà sí Matavasa ní ìrọ̀lẹ́ láti sọ ohun tí Tepora ní kó sọ: oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lára Lagi, wọ́n tètè rí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró títí di ọ̀la. Kò tíì débẹ̀ tí wọ́n fi fọn ìkarahun. Ó jókòó sídìí ìkòkò Etevise bí òfin ti wí, Sapati jókòó tì í. Ìlú dákẹ́.

Ìgbà náà ni òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Gbì. Gbì. Láti ẹ̀yìnkùlé ni.

Àwọn géńdé gbé ọ̀pá, wọ́n sáré lọ mú ẹni tó ń ba Sa jẹ́. Vaosa ń wò wọ́n láti ibi tó wà. Wọ́n dúró gbagidi. Olóyè àgbà Taimalelei ló wà nídìí ògiri, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, egungun ìhà rẹ̀ yọ, ó gbé òòlù ńlá lọ́wọ́. Wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò mú. Wọ́n yíjú sí ọlọ́pàá.

"Ẹ fi sílẹ̀," Vaosa sọ. "Àdúrà ló ń gbà."

"Ẹ fọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ o!" Etevise ké sí olóyè láti ibi ìkòkò rẹ̀, láìka Sa sí. "Ẹ má fi irin yẹn sílẹ̀!"

Arúgbó náà kò dá a lóhùn. Ó tún gbé òòlù. Bọ́ọ̀sì dé, ó dúró, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ń wo títì, wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé, ẹnikẹ́ni kò mira. Búlọ́ọ̀kù méjì tún wó. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí ọgbà olóyè gbangba, ilẹ̀ gbígbẹ, àti ọ̀nà àtijọ́ tó lọ tààrà lábẹ́ àwọn igi.

Taimalelei fi apá nu ojú. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi orí òòlù tọ́ka sí inú ilẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gba ibí," ó sọ fún wọn. "Ẹ wọ bàtà yín, kẹ́ ẹ gba ibí."